Àsàkẹ́ Ọmọ Sabon Gari

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sínú ìwé ìrántí lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó gbọ̀ngàn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ni oyè kàn. Ọ̀rọ̀ ìwé àwòrán àwọn ọmọdé ni, ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé 24 tí àwa òbí mẹ́fà jókòó tì fún ọdún kan ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ìbéèrè kan náà ni ẹ sì ń bi wá: kí ló dé tí ọmọ inú ìwé náà fi ń gbé ní Sabon Gari, tí kò gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà níbi tí àwọn bàbá wa ti wá?

Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá wa kálọ.

Inú ilé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò yìí ni a bí àwọn ọmọ wa sí. Púpọ̀ nínú àwa òbí wọn pàápàá, ibí náà ni wọ́n bí wa sí. (Nílé, Sábó ni wọ́n ń pe ibi tí àwọn Haúsá ń gbé. Níbí, Sabon Gari ni ibi tí àwa ń gbé. Orúkọ kan náà, àlejò ló yàtọ̀.) Haúsá ni àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, Yorùbá tó ṣẹ́ kù wá di èdè ìbáwí: "Wá jókòó." "Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún." "Ṣé o ò gbọ́ ni?" Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ o! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí wọ́n fi dá yín lóhùn, Haúsá ni yóò jáde lẹ́nu wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbé e lé ilé ìwé lórí. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Kí wọ́n tó fagi lé e náà, èdè àdúgbò ni ìlànà bẹ́ẹ̀ máa ń já sí, èdè àdúgbò ní Zaria sì ni Haúsá. Yorùbá ọmọ wa kò sí lára ẹrù tí ilé ìwé ibí ń rù. Àfi ilé, àfi ẹgbẹ́ yìí, àfi kíláàsì ọjọ́ Sátidé tí àwọn ìyá kan ń ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Nítorí náà a wá ìwé. Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní kíkà, ẹnu wa kò gbà á láti sọ ohun tí kò dára nípa rẹ̀. Àwọn ìwé Ìjàpá náà wà, a sì máa ń rà wọ́n bọ̀ láti Ìbàdàn nígbà tí a bá lọ síbi ìnáwó. Àwọn ọmọ wo àwòrán inú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oko kòkó ni, odò ni, igi ọ̀pẹ ni, ààfin ọba ni. Ọmọ tó jẹ́ pé ọkà bàbà àti ẹ̀pà ló mọ̀, tí eruku ọyẹ́ ń kùn lójú bí àtíkè lọ́dọọdún, tí kò rí kòkó lórí igi rí, inú ìtàn ẹlòmíràn ló ń wò.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ń lọ níbòmíràn. Nínú àwọn ìwé ọmọdé tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017, ìwádìí àjọ CLPE fi hàn pé 1% péré ló ní ọmọ aláwọ̀ dúdú tàbí ọmọ ẹ̀yà kékeré mìíràn gẹ́gẹ́ bí olórí ìtàn. Ayàwòrán kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí orírun rẹ̀ jẹ́ Nàìjíríà, Dapo Adeola, ya ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó fẹ́ràn ìràwọ̀ sínú ìwé Look Up! tí Nathan Bryon kọ ní 2019, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Waterstones fún ìwé ọmọdé ní 2020. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Àwọ̀ ara ọmọ wa wà nínú gbogbo ìwé tí a rà. Àdúgbò rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Ayàwòrán tí a rí, ọmọ ọwọ́ wa ni. Sabon Gari ni wọ́n bí i sí, ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì tó wà ní Samaru, iṣẹ́ káàdì ìgbéyàwó àti àkọlé ara ògiri ló sì ń ṣe jẹun. Nígbà tí a gbé ìtàn tí a kọ fún un, kò kà á. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá àti bàbá, ẹ ṣì fi ìtàn yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọmọ náà fún mi." Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé onítìjú ni àbí aláriwo? Kí ló máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe bí ó bá parọ́? Ta ló ń di irun rẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n sì ń tú u? Ó bi wá títí ó fi dà bíi pé ọlọ́pàá ló ń bi wá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó mú bébà kan wá. Ọmọ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó yà á bíi 15: láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn, níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, tó ń sunkún, tó ń yọ́ rìn, tó gbé kẹ̀ẹ̀gì omi. Ó ṣàlàyé fún wa pé gíga àgbàlagbà máa ń tó orí méje sí méje ààbọ̀ bí a bá fi orí ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n; ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀, torí orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Àsàkẹ́ tiwa, orí mẹ́rin ló fún un, kí ojú rẹ̀ lè hàn dáadáa bí ọmọdé bá na ìwé náà síwájú. Bébà yìí ni yóò máa wò bí ó bá ń ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí etí ọmọ náà má baà tóbi lójú ewé 3 kó sì kéré lójú ewé 20. Ẹni tó bá rò pé àwòrán ọmọdé jẹ́ iṣẹ́ eré, kí ó wá wo bébà yẹn.

Orúkọ rẹ̀ gba ìpàdé odindi kan. Bí a bá pè é ní orúkọ mùsùlùmí, àwọn kan yóò ní kì í ṣe ọmọ tiwọn. Bí a bá fún un ní orúkọ onígbàgbọ́, bákan náà. Ìyá kan ló sọ pé kí a pè é ní oríkì. Ilé mùsùlùmí, ilé onígbàgbọ́, kò sí ibi tí wọn kì í ti í ki ọmọbìnrin ní Àsàkẹ́. Ọ̀rọ̀ parí. Ti ìborí ni kò parí bọ̀rọ̀. Àwọn kan fẹ́ híjáàbù, àwọn kan kò fẹ́. Ayàwòrán ya ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú híjáàbù, ó di irun Àsàkẹ́ ní ṣùkú, ó sì fi ojúbọ̀rọ̀ sọ fún wa pé tí irun bá farasin lójú ewé gbogbo, òun kò ní rí ohun tí òun yóò fi fi ọjọ́ tó ń lọ hàn. Nínú ìtàn náà, ṣùkú ni ní ọjọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Sátidé irun ti wú, wọ́n tú u, wọ́n di kòlẹ́sẹ̀ fún un. Àwọn àwòrán irun tí J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968 ló wò kó tó ya tirẹ̀, ó ní ẹ̀yìn orí ni ọkùnrin yẹn máa ń yà jù, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n onídìrí wà. Méjì nínú wa kò tíì gbà títí di òní. A fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àdúgbò dé. Nínú ìtàn tí a kọ́kọ́ kọ, Àsàkẹ́ ń lọ pọn omi lódò. Ayàwòrán ní odò wo? A ní odò, odò bí odò. Kò bá wa jiyàn. Ní Sátidé kan ó wá sí kíláàsì àwọn ọmọ, ó gbé àwòrán méjì síwájú wọn. Ọmọ kan náà, aṣọ kan náà, kẹ̀ẹ̀gì kan náà lórí. Nínú èkíní, etí odò ló wà, igi ọ̀pẹ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú èkejì, ẹ̀gbẹ́ ọmọlanke alómi ló wà, lábẹ́ igi dóńgóyárò, ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn kò tíì rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó bi wọ́n pé èdè wo ni ọmọ yìí ń sọ.

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan tọ́ka sí ti etí odò. Ó sọ ọ́ ní Haúsá pé Yorùbá ni èyí ń sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé bàbá àgbà, bí àwọn náà bá dé ibẹ̀ àwọn á sọ Yorùbá. Ó wá tọ́ka sí ti ọmọlanke. Ó ní èyí, Haúsá ló ń sọ, ṣé a kò rí i pé Sabon Gari ló wà ni?

Ọmọ kan náà ló ń wò o. Ìrísí kan náà.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wa fún ìgbà díẹ̀. Lójú ọmọ yẹn, èdè wa dà bí aṣọ ìnáwó tó wà nínú àpótí, tí a máa wọ̀ bí a bá délé lọ́dún kérésì tàbí iléyá. Àwọn ìwé tí a ń rà bọ̀ pẹ̀lú owó wa wà lára ohun tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ìwé tó dára ni gbogbo wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni odò ti kúrò nínú ìtàn, tí ọmọlanke sì wọlé.

Àwọn àgbà kan bínú sí i. Bàbá kan sọ níta gbangba pé àbùkù ni, pé ọmọ Yorùbá tí a fẹ́ gbé sínú ìwé, ẹ̀yìn alómi ni a rí fún un. Òun náà tún sọ ohun kejì tó dùn wá jù: pé ayàwòrán fúnra rẹ̀ kò gbọ́ òwe mẹ́wàá, báwo ni yóò ṣe ya Yorùbá? A fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A rán bàbá létí pé ní ìlú Zaria yìí, ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀, tí Uche Okeke ọmọ Ìgbò àti Yusuf Grillo ọmọ Èkó wà níbẹ̀. Bruce Onobrakpeya náà wà níbẹ̀, ọmọ Urhobo ni. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ọwọ́ Onobrakpeya yìí ló ya àwọn iwin inú rẹ̀. Bí ọmọ Urhobo bá lè ya iwin Fágúnwà, ọmọ tí a bí sí ojúlé kẹta sí tiwa lè ya ọmọdé tó ń pọn omi. Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun gbà.

Àwọn àgbà tún wúlò fún wa gan-an, kí ẹ má rò pé ìjà ni wọ́n ń bá wa jà. Lójú ewé 9, Àsàkẹ́ gbé omi fún ìyá àgbà. Ayàwòrán rí i pé ojú ọmọ náà kọ sí ẹ̀yìn, sí apá tí a ti kà kọjá, ó sì fẹ́ kí ó kọjú sí iwájú kí ojú òǹkàwé lè bá a lọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni lórí kọ̀ǹpútà: ó yí gbogbo àwòrán náà sódì bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo dígí. Ó dára lójú gbogbo wa. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ti lé ní 80 ọdún, ìyá wò ó pẹ́, ó ní, "Ọmọ ta ni eléyìí tó ń fi ọwọ́ òsì gbé omi fún àgbà?" Dígí ti sọ ọwọ́ ọ̀tún di òsì. Ayàwòrán tún gbogbo rẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá yìí kan náà ló tún ṣàtúnṣe ìkíni. Àwọn ọmọ wa, bí wọ́n bá fẹ́ kí àgbà níbí, wọ́n á lóṣòó gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Haúsá ti ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán sì ṣe yà á nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí nìyẹn. Ìyá ní orúnkún méjèèjì ni kí ó kanlẹ̀. Èyí tí ayàwòrán wá ṣe dùn mọ́ wa nínú: nínú ìwé náà, Àsàkẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà tirẹ̀, lójú ewé tó tẹ̀ lé e ó lóṣòó kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Haúsá. A kò kọ ọ̀rọ̀ kankan láti ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo ọmọ tó ti rí i ló mọ ohun tó fa á.

Igi dóńgóyárò náà fún wa lẹ́rìn-ín. A jókòó láti wá orúkọ tí Yorùbá ń pè é, dóńgóyárò náà ni a bá, ọ̀rọ̀ Haúsá tó túmọ̀ sí ọmọkùnrin gíga. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ń fi orúkọ yẹn se àgbo ibà. Ní ti alómi, ẹni méjì ní kí a kọ mai ruwa bí àwọn ọmọ ti ń pè é. A kọ alómi, torí bí ìwé kò bá sọ ọ́, kò sí ibòmíràn tí wọn yóò ti gbọ́ ọ.

Ilé ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ tí a lọ fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ wọn, gbogbo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà sì pòórá. Ibi tí a kọ pé "Bàbá ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe", ó di "Baba n tun oko re se". Ṣé oko ló ń tún ṣe ni, àbí ọkọ́, àbí ọkọ ẹnìkan? Wọ́n ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá gan-an la ṣe ìwé fún! A gba iṣẹ́ wa. Ayàwòrán jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì rẹ̀, ó sọ wọ́n di ara àwòrán, kó má baà sí ẹ̀rọ tí yóò tún yọ wọ́n kúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà á. Ilé ìtẹ̀wé kejì ṣe é dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ara Àsàkẹ́ tó ń dán lórí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dúdú bí èédú lórí bébà. Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì ni ti atẹ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mẹta la dán an wò.

Ní ti owó, ẹgbẹ́ fún wa ní díẹ̀, a dá ìyókù láàárín ara wa. Àwọn kan bi wá pé ṣé a san owó fún ayàwòrán ni, ṣebí ọmọ ilé ni. A san án. Ẹni tó ran aṣọ ẹbí wa, a kì í sọ fún un pé ọmọ ilé ni. A sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé tirẹ̀ ni Àsàkẹ́. Bí ó bá fẹ́ gbé e lọ sínú ìwé mìíràn lọ́la, kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ wa.

Ìwé náà ti wà nílé yín láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ìròyìn tí a ń gbọ́ kò tóbi. Ọmọbìnrin kan ń pe ọmọlanke ní ọmọlanke báyìí. Òmíràn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á fún òun ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin tó sọ pé Haúsá ni Àsàkẹ́ ń sọ, ìyá rẹ̀ ní ó ṣì ń dáhùn ní Haúsá, ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣí ìwé náà han àbúrò rẹ̀, Yorùbá ló fi ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọmọ náà pé kó má fa ìwé ya.

Ìwé kejì ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá bàbá Àsàkẹ́ ni yóò wà nínú rẹ̀, bí ó ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Òkè Ọya, lórí irin tó so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní 1912. Ayàwòrán ti tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀, a kò sì ní ìdáhùn tó pọ̀ fún un. Ó fẹ́ mọ bí ìjókòó inú ọkọ̀ náà ṣe rí, irú àpótí tí àwọn bàbá wa gbé wá, ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́nà, fìlà tó wà lórí wọn nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ní àwòrán àtijọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, tàbí tí àpótí irin náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí ó bá wa mú un wá sí kíláàsì ní Sátidé èyíkéyìí, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ayàwòrán yóò yà á níbẹ̀ lójú ẹni tó ni ín, yóò sì gbé e lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.